Ìpè Tó Ṣìnà Dé Ilé Odò

Iná pupa tún tàn lórí àtẹ Fárónkẹ́. Kò wo orúkọ kó tó mọ ẹni tó ń pè. Ìyá Tinúadé ni. Láti àárọ̀ ni obìnrin náà ti ń pe nọ́ńbà ọmọ rẹ̀ láti Ilé Òkè, láti àárọ̀ náà sì ni Fárónkẹ́ ti ń fi ohùn tútù sọ gbólóhùn kan náà fún un.

"Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ẹni tí ẹ ń pè kò sí nílé."

"Ìwọ náà tún ni?"

"Èmi náà ni, mà."

"Ṣé ó jáde ni, àbí kí ló dé?"

"Kò sí nílé, mà," ni Fárónkẹ́ wí, ó sì tẹ bọ́tìnnì. Ìpè náà kú.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Atìlẹ̀kùn ni wọ́n ń pè é. Ìpè tó bá dé Ilé Odò tó sì bá ẹni tó ń wá, ẹ̀rọ ló ń so wọ́n pọ̀, ẹnikẹ́ni kì í mọ̀ sí i. Èyí tó bá dé tí kò bá ẹnì kankan, òfin ní ènìyàn ẹlẹ́ran-ara ni kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún ẹni tó pè. Àwọn tó ṣe òfin náà sọ pé kò tọ́ kí ẹ̀rọ máa lé ọmọ ènìyàn lẹ́nu ọ̀nà. Aláàánú ni wọ́n, kò burú, àmọ́ àwọn kọ́ ló ń jókòó sórí àga náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Àmì pupa tó wà lára ìpè náà ni kò jẹ́ kí Fárónkẹ́ ní ohun mìíràn tó lè ṣe fún un. Bí àlejò ṣe máa ń kọ́kọ́ yà sí ilé bàbá obìnrin láti béèrè ibi tí wọ́n fẹ́ ẹ sí, bẹ́ẹ̀ ni ìpè gbogbo ṣe máa ń kọ́kọ́ yà sí ilé tó bí nọ́ńbà. Ènìyàn lè kó kúrò nílé kan lọ sí òmíràn bó ṣe wù ú, kó máa mu omi ibẹ̀, kí ilẹ̀kùn ibẹ̀ máa ṣí fún un, nọ́ńbà tó wà lábẹ́ awọ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ kò ní yí padà títí yóò fi kú. Ilé tó bí nọ́ńbà ló gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ń gbé. Òkè ló bí ti Tinúadé. Wọ́n béèrè lọ́wọ́ Òkè, Òkè ní, "Ọmọ wa wà ní Ilé Odò, ibẹ̀ la fi í fọ́kọ sí," wọ́n sì fi àmì pupa sára ìpè náà, wọ́n rán an sọ̀kalẹ̀. Ìpè tó bá ti gba àmì pupa, a ti béèrè fún un nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ béèrè fún un mọ́. Ibi tí wọ́n rán an sí ló gbọ́dọ̀ parí sí.

Iná náà tún tàn.

"Má tì í, ọmọ mi," ni ìyá náà wí kí Fárónkẹ́ tó lanu. "Mo bẹ̀ ọ́, má tíì tì í. Gbọ́ tèmi."

"Mo ń gbọ́ yín, mà."

"Mo mọ̀ pé Tinú kò sí lọ́dọ̀ yín. Ó ti kúrò. Ẹnu bodè Ilé Ọ̀dàn ló wà báyìí, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú oyún tó ti wọ oṣù rẹ̀."

Òfin kò gba Fárónkẹ́ láyè láti sọ ibi tí ẹnikẹ́ni ń gbé, kò sì gbà á láyè láti sọ ibi tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́.

"Kó tó kúrò ló ti sọ fún mi," ni ìyá náà ń bá a lọ. "Ó ní, 'Màámi, ẹ pè mí lọ́jọ́ tí mo bá dé ibẹ̀. Àwọn ará Ọ̀dàn kì í jẹ́ kí àlejò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n á gba nọ́ńbà mi sọ́dọ̀, wọ́n á ní kí n jókòó. Bí ẹnì kan nínú ẹbí mi bá pè mí kí oòrùn tó wọ̀, tó ní ọmọ òun ni mí, wọ́n á ṣí bodè. Bí ẹnì kankan ò bá pè, wọ́n á ní n kì í ṣe ọmọ ẹnikẹ́ni, wọ́n á lé mi.' Òní lọjọ́ náà. Nọ́ńbà ọmọ mi kò yí padà. Mo tẹ̀ ẹ́ bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ń já sí?"

"Ṣé ẹ ti sọ fún àwọn ará Òkè, mà?"

"Èmi kẹ̀! Mo ti lọ bá wọn. Wọ́n ní ọmọ tí wọ́n bá ti fi fọ́kọ, ẹnu ilé ọkọ ni àwọn ti ń gbọ́ pé ó ti kúrò. Mo ní èmi ni mo bí i. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Mi ò sì lè pariwo, torí bàbá rẹ̀ ò tíì gbọ́."

Fárónkẹ́ mọ bẹ́ǹṣì tí obìnrin náà ń sọ. Odò náà ní tirẹ̀ lẹ́nu bodè, òun náà sì ti jókòó sórí rẹ̀ rí. Ilé Etíkun ni wọ́n ti bí Fárónkẹ́, òkun sì ti gba Ilé Etíkun pẹ̀lú gbogbo ẹni tí ì bá pè é. Oòrùn ti ń rọlẹ̀ lọ́jọ́ náà nígbà tí ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń wọlé bọ̀ láti oko ẹja wò ó, tó kọjá, tó padà wá béèrè nọ́ńbà rẹ̀, tó sì wọlé lọ. Kò pẹ́ tí ọrùn ọwọ́ Fárónkẹ́ fi gbọ̀n, ìpè ti dé. "Ọmọ mi ni," ni ohùn náà wí, bodè sì ṣí. Láṣebìkan ni ọkùnrin náà. Òun ni olórí àwọn atìlẹ̀kùn Ilé Odò, òun náà sì ni bàbá Akínlàbí, ọkọ Tinúadé. Láti ọjọ́ yẹn, lójú òfin, òun ni bàbá Fárónkẹ́. Ohùn tó mú ènìyàn wọlé, òun náà ló lágbára láti mú un jáde.

Ó wo àtẹ rẹ̀ dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ náà. Nígbà tí Ọ̀dàn wá gba nọ́ńbà Tinúadé, ẹ̀rọ Odò ti yọ̀ǹda rẹ̀, ó sì ti ṣe ọ̀rọ̀ ìdágbére sílẹ̀, èyí tó yẹ kó lọ bá Òkè pé, "Ọmọ yín kò sí lọ́dọ̀ wa mọ́." Ọ̀rọ̀ náà kò lọ. Ẹnì kan ti fi ìka dè é mọ́lẹ̀, ìka ẹnì kan ṣoṣo ló sì lè ṣe bẹ́ẹ̀ ní gbogbo ilé náà.

"Ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tún pè, mà," ni Fárónkẹ́ wí. "Ẹ jẹ́ kí n bá àgbà sọ̀rọ̀."

Láṣebìkan jókòó sí yàrá rẹ̀, ó ń bó ẹ̀pà sínú abọ́. Fárónkẹ́ kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìjókòó, Bàbá."

"Fárónkẹ́. Sún mọ́ bí, wá jẹ ẹ̀pà."

"Ẹ ṣeun, sà. Ìyá Tinúadé ló ń pè."

"Mo mọ̀. Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kò sí nílé."

"O káre. Irọ́ kọ́ nìyẹn."

"Bàbá, Òkè kò tíì gbọ́ pé ó ti kúrò."

"Wọn ò tíì gbọ́. Èmi ni mo dá a dúró." Ó bó ẹ̀pà kan, ó fẹ́ èèpo rẹ̀ dànù. "Akínlàbí gbá ìyàwó rẹ̀ létí lójú àlejò. Ṣé o gbọ́? Èmi ni mo bí i, ojú sì ń tì mí. Ní Sátidé, èmi àti àwọn àgbà á gbéra, a á lọ dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àna wa, a á bẹ̀ wọ́n. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ṣé kí n wá jẹ́ kí Ògiri tó ń kéde ọ̀rọ̀ nílé wọn máa pariwo lọ́sàn-án gangan fún gbogbo agboolé pé ọmọ Ọlátúbọ̀sún ti kọ ọkọ? Kí àna mi gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀rọ kó tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi?"

Ká má parọ́, ìwà ọmọlúàbí ni. Nínú àwọn ilé tó kù sórí ilẹ̀, kò sí àgbàlagbà tí wọ́n kọ́ dáadáa nílé tí kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Òkè ń dúró kí Odò sọ̀rọ̀, Odò ń dúró di Sátidé kó lè fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, ìpè ìyá sì ń já sí àárín àwọn méjèèjì.

Fárónkẹ́ wá sọ ti bẹ́ǹṣì fún un, ti bodè, àti ti oòrùn. Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ Láṣebìkan dúró lórí ẹ̀pà.

"Bí Ọ̀dàn ò bá gbà á," ló wí nígbẹ̀yìn, "níbo ni yóò gbà lọ?"

"Kò ní ibòmíràn ju ibí lọ, Bàbá. Òkè kì í gba ọmọ tí wọ́n bá ti fi fọ́kọ, àfi tí ilé ọkọ bá dágbére fún un."

"O rí i. Yóò padà wá sílé."

"Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù. Ọ̀nà jìn."

"Mo máa rán ọkọ̀ lọ gbé e. Kẹ̀kẹ́ kọ́ o, ọkọ̀ tó ní ibùsùn. Ta ló fẹ́ kí nǹkan ṣe é?" Ó ti rò ó débẹ̀. Ó gbójú sókè, Fárónkẹ́ sì rí i pé ọkùnrin náà ń bẹ òun gan-an ni. "Ilé tí wọ́n bá bí ọmọ sí ló ni nọ́ńbà rẹ̀. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, Fárónkẹ́. Ọmọ ọmọ mi ló wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n bá bí i sí Ọ̀dàn, àlejò ni yóò jẹ́ sí mi títí n ó fi kú. A ò lé ìyá rẹ̀. Àga rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀. Máa ti ilẹ̀kùn náà bó o ṣe ń tì í."

"Ẹ ṣeun, Bàbá," ni Fárónkẹ́ wí, torí ohun tí ọmọ ń sọ nìyẹn tí àgbà bá ti parí ọ̀rọ̀. Ó padà sórí àga rẹ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó, ojú rẹ̀ kò tilẹ̀ wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Atìlẹ̀kùn lè bó àmì pupa kúrò lára ìpè, kó sì dá a padà sójú ọ̀nà bí èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè fún. Ẹnì kan ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àánú ló ṣe é. Ìpè náà padà lọ béèrè lọ́wọ́ ilé tó bí nọ́ńbà, ilé náà tún ní Odò ló wà, Odò tún dá a padà, wọ́n sì ń gbé e fún ara wọn títí tí ìpè kan fi di àìmọye tó kún gbogbo ojú ọ̀nà. Ọdún Ìpòyì ni wọ́n ń pe ọdún náà. Ọ̀sán ọjọ́ tí ojú ọ̀nà kún náà ni Ilé Etíkun ń ké sí gbogbo ayé pé òkun ti já wọlé, igbe wọn kò sì rí ọ̀nà gbà. Nítorí náà, ẹ má bá Fárónkẹ́ sọ̀rọ̀ àmì pupa tí wọ́n bó.

Ọ̀nà kejì wà nínú òfin fúnra rẹ̀. Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà níwájú atìlẹ̀kùn, mẹ́ta sì ti ń dán nítorí ìlò: kò sí nílé, ó ń bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, kò fẹ́ dáhùn. Eruku ló bo ẹ̀kẹrin. "A ṣì í rán" ló wà lára rẹ̀. Gbogbo atìlẹ̀kùn ló mọ̀ ọ́n, ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n ń kọ́ wọn. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́, ilé tó rán ìpè gbọ́dọ̀ da ìdáhùn tó ní lọ́wọ́ nù, kó sì béèrè lọ́wọ́ gbogbo ilé ní gbangba pé ọ̀dọ̀ ta ni ọmọ òun wà. Ibi tí wọ́n bá ti rí i, Ògiri yóò kéde rẹ̀. Kò sí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ní Ilé Odò. Bí ẹni ń sọ fún àna ẹni pé ó purọ́ ni. "Kò sí nílé" ló yẹ ọmọlúàbí, kò pa ẹnikẹ́ni lára, ìpè yóò sì kú wẹ́rẹ́.

Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ẹ̀rù ń ba Fárónkẹ́, kò sì fi í pamọ́ fún ara rẹ̀. Láṣebìkan kò jẹ́ kí ebi pa á rí. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi ohùn tu ènìyàn lójú. Bó bá sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo fún Ògiri Odò pé ọmọbìnrin yìí kì í ṣe ọmọ òun mọ́, nọ́ńbà rẹ̀ yóò padà sí ilé tó bí i, ilé náà sì ti wà nísàlẹ̀ omi.

Oòrùn ti kọjá ojú fèrèsé àkọ́kọ́. Iná pupa tàn.

"Ọmọ mi, kí ni àgbà wí?"

"Màmá, bí mo bá sọ ohun tó yẹ kí n sọ, Ògiri yín yóò sọ̀rọ̀. Bàbá Tinú yóò gbọ́. Gbogbo agboolé ni yóò gbọ́, kó tó di pé ẹnikẹ́ni wá bẹ̀ yín."

Ìyá náà mí kanlẹ̀. "Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń fi ẹ̀jẹ̀ sínú tu itọ́ funfun o. Mo rò pé ìyà tèmi nìkan ni. Jẹ́ kí wọ́n gbọ́."

Fárónkẹ́ fi àtàǹpàkò nu eruku. Òfin ní ó gbọ́dọ̀ fi ẹnu sọ ọ́ bó bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ó sì sọ ọ́, ohùn tó ti ń tu gbogbo ayé lójú ń gbọ̀n bí ohùn ọmọdé. "Ilé Odò ló ń dáhùn. Kò sí lọ́dọ̀ wa. A ṣì í rán."

Ìpè náà padà sókè. Òun nìkan ló jókòó síbẹ̀.

Àwọn ìpè mìíràn wọlé, ó tì wọ́n. Ẹnì kan ń wá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti lọ wẹ̀, ẹnì kan ń wá ọ̀rẹ́ tí kò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀. Oòrùn sọ̀ kalẹ̀ sórí àwọn agbada tó ń fi ìtànṣán rẹ̀ ṣe iná lórí òrùlé òdìkejì, ó pọ́n. Iná ìyá Tinúadé kò tàn mọ́. Ó lè jẹ́ pé ó ti rí ọmọ rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé Òkè ṣì ń béèrè láti ilé dé ilé, kí bodè sì ti tì. Atìlẹ̀kùn kì í mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ó gbọ́ ìṣísẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Láṣebìkan dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń gbọ̀n, kò sì dá a lóhùn. Nígbà tí kò dáhùn, ìpè náà ṣí wá sórí àtẹ Fárónkẹ́ bí òfin ṣe wí. Ilé Òkè. Ọlátúbọ̀sún, bàbá Tinúadé.

"Sọ fún un pé n kò sí nílé," ni Láṣebìkan wí jẹ́jẹ́.

Fárónkẹ́ wo ojú rẹ̀. Ó fẹ́ràn ojú náà, ìyẹn ló sì dùn ún jù.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, sà," ló wí sínú ẹ̀rọ. "Wọ́n wà níbí. Wọ́n ń gbọ́ yín." Ó sì ṣí ohùn náà sílẹ̀ kó kún yàrá.

"Láṣebìkan."

"Àna mi."

"Ẹ̀rọ ló sọ fún mi."

Láṣebìkan wo ilẹ̀, ó ká apá aṣọ rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì níwájú àtẹ náà. "Mo ti dọ̀bálẹ̀ o, àna mi."

"N kò rí yín."

Láṣebìkan kò dìde.

"Sátidé la fẹ́ wá," ló wí nílẹ̀ níbẹ̀. "Mo ní kí ẹ má gbọ́ ọ báyìí."

"Mo ti gbọ́ ọ báyìí. Ìyá rẹ̀ ti bá a sọ̀rọ̀. Ó ku díẹ̀ kí oòrùn wọ̀ ni wọ́n ṣí bodè fún un." Ọkùnrin náà wúkọ́. "Ẹ má wulẹ̀ wá sọ́dọ̀ mi ní Sátidé. Ẹni tí wọ́n gbá létí wà ní Ọ̀dàn. Kí ọmọ yín lọ jókòó sẹ́nu bodè wọn, bóyá Tinú máa pè é."

Ọlátúbọ̀sún ti ìpè náà fúnra rẹ̀. Láṣebìkan dìde, ó gbọn eruku kúrò ní orúnkún rẹ̀ ọ̀tún, ó gbọn ti òsì. Kò bínú lójú. Ì bá sàn fún Fárónkẹ́ ká ní ó bínú.

"Mi ò ní lé ọ jáde lónìí," ló wí. "Mi ò burú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di Sátidé, wá ẹlòmíràn tí yóò pè ọ́."

Fárónkẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀. "Mo dúpẹ́, Bàbá."

"Má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́."

Ó wọ yàrá rẹ̀ lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Fárónkẹ́ wà lórí orúnkún rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó ń ro gbogbo ẹni tó mọ̀ láyé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó mọ nọ́ńbà rẹ̀ kò pọ̀, àwọn tó lè pè é lọ́mọ kò sí. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún.

Iná pupa kan tàn. Bàbá arúgbó kan láti Òkè ló ń wá àbúrò rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ti rẹ̀ bí ti ẹni tó ti pè títí. Fárónkẹ́ wo àtẹ. Nọ́ńbà àbúrò náà ti kúrò ní Odò tipẹ́, ọ̀rọ̀ ìdágbére rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fi ìka dè mọ́lẹ̀, nítorí ọ̀wọ̀ ẹnì kan tó ṣeé ṣe kó ti kú.

"Ṣé kò sí nílé náà ni?" ni arúgbó náà béèrè, ó ti fẹ́ máa lọ.

"Ẹ dúró, sà," ni Fárónkẹ́ wí. "Ẹ má tíì lọ. A ṣì í rán ni."